Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè ní àsẹ́ńbílì: ṣé dandan ni kí ọmọ kà á?

Lálẹ́ Sọ́ńdè kan, ọmọ àbúrò mi tó wà ní kíláàsì kẹta jókòó sórí àpótí ní pálọ̀ wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, ó ń fi bùrọ́ọ̀ṣì ra bàtà ilé-ìwé rẹ̀. Òun ni wọ́n yàn láti dúró síwájú àsẹ́ńbílì láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó máa ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè, ìyẹn National Pledge, kí àwọn yòókù máa gbè é. Bó ṣe ń ra bàtà ló ń kà á, kò sinmi, kò sì ṣì í. Nígbà tó dé ibi tó ti ń ṣèlérí láti jẹ́ “faithful, loyal and honest”, mo dá a dúró.

“Kí ni loyal?”

“Àǹtí, lọ́yà ni. Àwọn tó máa ń wọ aṣọ dúdú lọ sí kóòtù.”

“Ṣé lọ́yà lo fẹ́ dà ni?”

“Rárá o, dókítà ni mo fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe lọ́yà fún Nàìjíríà.”

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àtìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé kò sí lọ́yà níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀, torí pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé kan nílùú wa. Bàbá kan ní ẹ̀jẹ́ ti kúrò nílẹ̀ látìgbà tí ìjọba ti yí orin orílẹ̀-èdè padà, pé kí ni wọ́n ṣì ń kà á sí. Ìyá kan dìde, ó ní Ẹlẹ́rìí Jèhófà làwọn, pé wọ́n ní kí ọmọ òun kúnlẹ̀ nínú oòrùn nítorí pé kò lanu. Olùkọ́ kan dá a lóhùn pé òfin ni, pé ẹni tí kò bá kà á kò fẹ́ràn ìlú. Ariwo sọ, a tú ká, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí lọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n to ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì wò ó. Orin wà tí ìyàwó fi ń wọlé. Tó bá yá, ọkọ àti ìyàwó á kojú síra wọn, oníkálukú á sọ ohun tí òun máa ṣe fún ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà á gbàdúrà lé wọn lórí. Kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀ tó máa pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nǹkan kan náà. Bí ti àsẹ́ńbílì náà ṣe rí nìyẹn. Orin orílẹ̀-èdè ni èyí tí à ń kọ. Ìyìn ló jẹ́. Ẹ̀jẹ́ ni èyí tí à ń kà. Ìlérí ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é, torí “èmi” ló fi bẹ̀rẹ̀. Àdúrà ni èyí tí a fi ń bẹ Ọlọ́run fún ìlú.

Ìbúra tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ní kóòtù, Kìrìsìtẹ́nì á di Bíbélì mú, Mùsùlùmí á di Kùránì mú, oníṣẹ̀ṣe á fi irin búra. Ẹni tó bá purọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Gómìnà tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàka náà búra kó tó jókòó sórí àga, ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ sì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ọmọ kíláàsì kẹta kò búra fún ẹnikẹ́ni. Ìlérí ló ṣe.

Ẹ má sì torí ìyẹn fojú kéré rẹ̀ o. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá rí ọmọ bí, òun á mú ewúrẹ́ wá dúpẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí tó fi máa san án. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹ̀jẹ́ ń bẹ lọ́rùn onítọ̀hún. Mo rò pé ìwúwo tí ọ̀rọ̀ yìí ní lédè wa wà lára ohun tó mú kí àwọn òbí kan máa bẹ̀rù rẹ̀, mi ò sì rí i bí ìbẹ̀rù òmùgọ̀.

Ẹ̀jẹ́ náà kò gùn. Bí mo bá fi Yorùbá ilé sọ ọ́, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: mo ṣèlérí fún Nàìjíríà, ìlú mi, pé mi ò ní dà á, pé màá dúró tì í, pé màá máa ṣòótọ́, pé gbogbo agbára mi ni màá fi sìn ín, pé mi ò ní jẹ́ kí ìṣọ̀kan rẹ̀ tú, màá sì gbé iyì àti ògo rẹ̀ ró, kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́. Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ṣé wọ́n yí i padà ní 2024?

Rárá. Orin ni wọ́n yí.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, orin tí Nàìjíríà ń kọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Nigeria, we hail thee”. Obìnrin ará Bìrìtìkó kan tó ń gbé ní Nàìjíríà nígbà náà, Lillian Jean Williams, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Frances Benda ló sì ṣe ohùn orin náà. Ní 1978, ìjọba ológun gbé e sílẹ̀, wọ́n mú “Arise, O compatriots” wọlé. Benedict Odiase tó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọlọ́pàá ló ṣe ohùn ti èyí. Òun ni gbogbo àwa tí a lọ sílé-ìwé láàárín ọdún náà sí 2024 mọ̀ dénú egungun. Lóṣù Karùn-ún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì l'Ábújá sáré gbé àbá òfin tuntun kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì buwọ́ lù ú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29 oṣù náà, orin 1960 ti padà dé.

Ohun tó wá da orí àwọn èèyàn rú ni pé ẹsẹ̀ kejì orin 1978, èyí tó ń ké pe Ọlọ́run ẹlẹ́dàá, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń ṣe àdúrà ní àsẹ́ńbílì. Nígbà tí orin lọ, àdúrà bá a lọ. Orin 1960 ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀ sì ń ké pe Ọlọ́run bákan náà, ó ṣeé fi gbàdúrà. Ẹ̀jẹ́ nìkan ló dúró síbi tó wà. Àmọ́ bí nǹkan méjì bá ti jọ yí padà nínú mẹ́ta tí wọ́n jọ máa ń tẹ̀ léra wọn láàárọ̀, kò le láti rò pé ẹ̀kẹta náà ti bá wọn lọ. Bàbá tó sọ̀rọ̀ nípàdé yẹn kò purọ́. Ó kàn da méjì pọ̀ mọ́ra ni.

Ta ló kọ ẹ̀jẹ́ yìí, kí ló sì fà á?

Ọ̀kan lára tiwa ni. Felicia Adébọ́lá Adédoyin, ọmọ ọba láti Ṣakí, tó jẹ́ olùkọ́, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Times ní 1976. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló ń ṣe olórí ìjọba nígbà náà. Ìjọba rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa kà á. Ọdún 2021 ni màmá náà jáde láyé. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí àìmọye ọmọ ń kà láràárọ̀, ìwọ̀nba èèyàn ló mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún àwa ará Oǹdó. Ẹ̀jẹ́ yìí àti ìpínlẹ̀ wa, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 ni Múrítàlá Mohammed, tó ṣe olórí ìjọba ṣáájú Ọbásanjọ́, kéde Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa á, tí Ọbásanjọ́ fi bọ́ síbẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí ọmọ rọ́ wọ kíláàsì débi pé àga kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún yẹn, 1970 ni wọ́n bí i, ìyẹn ọdún tí ogun abẹ́lé parí. Bí èèyàn bá ti fi èyí sọ́kàn, á mọ ìdí tí “ìṣọ̀kan” fi wà nínú ẹ̀jẹ́ náà. Àwọn tó ń darí ìlú nígbà náà, ojú ogun ni púpọ̀ nínú wọn ti bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgu máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní wákàtí kan náà, kí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàbá wọn má tún ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Nàìjíríà kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Amẹ́ríkà ti ní tiwọn láti 1892, tí Francis Bellamy kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1954 ni wọ́n tó fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Gánà ní, Íńdíà ní, Singapore ní. Bìrìtìkó tó kó wa lẹ́rú kò ní irú rẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé tirẹ̀. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé ìlú lè wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè wà láìsí i.

Kí ni òfin sọ gan-an?

Olùkọ́ tó ní “òfin ni” sọ ìdajì òótọ́. Abala 24 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ojúṣe ọmọ ìlú sílẹ̀, ó sì dárúkọ ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ àsíá àti orin. Ohun tó ní kí a ṣe sí wọn ni pé kí a bọ̀wọ̀ fún wọn. Kò sọ níbẹ̀ pé kí a máa kà á sókè láràárọ̀, ká má tíì wá sọ pé kí ẹni tí kò bá kà á kúnlẹ̀.

Ìbọ̀wọ̀ fún nǹkan àti kíkà á lẹ́nu kì í ṣe ohun kan náà. Bí Déjì bá ń kọjá níwájú Ọjà Ọba, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn ṣì lè bọ̀wọ̀ fún kábíyèsí: á ṣí fìlà, á yà lọ́nà, á dákẹ́ ariwo. Kò sí ará Àkúrẹ́ tó máa pe onítọ̀hún ní ọ̀tá ìlú.

Nǹkan kejì tún wà. Orí Kejì ìwé òfin náà ni abala 24 wà, abala 6 sì ti sọ pé kóòtù kò láṣẹ láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni lórí ohun tó wà ní Orí Kejì yẹn lásán, àfi tí òfin mìíràn bá tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lọ sípàdé ọjà á tètè lóye èyí. Ìyálọ́jà lè sọ pé ẹni tó bá da pàǹtí síwájú ìsọ̀ ẹlòmíì máa san owó ìtanràn. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè sọ pé kí gbogbo yín máa fi ẹ̀rín kí oníbàárà. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí náà, ìfẹ́ ọjà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bojú jẹ́. Irú ti ẹ̀rín yẹn ni abala 24.

Ẹ wá wo abala 38, tó wà ní Orí Kẹrin níbi tí ẹ̀tọ́ tí kóòtù lè gbèjà wà. Ó fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ó tilẹ̀ dárúkọ ilé-ìwé: ẹnikẹ́ni tó wà nílé ẹ̀kọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú un kópa nínú ètò ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí.

Ilé-ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀jẹ́ sínú ètò àárọ̀, kó sì kọ́ gbogbo ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ìfipámúni bá ti wọ̀ ọ́.

Ọmọ tí ẹ̀sìn ilé rẹ̀ kò gbà á ńkọ́?

Ẹlẹ́rìí Jèhófà ń san owó orí, wọ́n ń pa òfin mọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàárín wa. Lójú tiwọn, irú ẹ̀jẹ́ yìí àti kíkí àsíá jẹ́ ìjọsìn, ìjọsìn kò sì tọ́ sí ẹlòmíì àfi Jèhófà. Èèyàn lè má gbà pẹ̀lú wọn. Èmi náà kò gbà, torí mo ń kà á, mo sì ń kọ́ ọmọ mi láti kà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọkàn wọn kì í ṣe ìkórìíra ìlú.

Ilẹ̀ mìíràn ti kọ́ èyí pẹ̀lú ìnira. Ní Amẹ́ríkà, ní 1940, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ilé-ìwé lè lé ọmọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó kọ̀ láti kí àsíá. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, àwọn jàǹdùkú bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn ọmọ ìjọ náà káàkiri, wọ́n ń jó ilé ìpàdé wọn. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1943, tí Amẹ́ríkà sì wà lójú ogun, ilé-ẹjọ́ kan náà yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà: ìjọba kankan kò láṣẹ láti fipá mú ọmọ sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ní Íńdíà, wọ́n lé ọmọ ìyá mẹ́ta kúrò nílé-ìwé ní Kerala. Àwọn ọmọ náà máa ń dìde dúró jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ń kọ orin ìlú, wọn kì í kàn kọ ọ́ ni. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní dídúró yẹn ti tó ọ̀wọ̀, kí wọ́n gbà wọ́n padà.

Ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè kò de kóòtù tiwa. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà náà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rí ọkàn ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni aláìsàn rẹ̀, kò gba ẹ̀jẹ̀, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí fìyà jẹ dókítà náà torí pé kò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ilé-ẹjọ́ gbè dókítà lẹ́yìn. Wọ́n ní ara òmìnira ẹ̀rí ọkàn ni pé kí a má fipá mú èèyàn ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ̀, àyàfi tí kíkọ̀ rẹ̀ bá máa pa àwọn ẹlòmíì lára. Àgbàlagbà ni aláìsàn náà, ọmọ ilé-ìwé kọ́, ọ̀rọ̀ ìwòsàn sì ni. Síbẹ̀, bí òfin bá lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn níbi tí ẹ̀mí ti wà lẹ́nu ewu, mi ò rí ìdí tí hẹ́dímásítà kan kò fi ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tí kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dìde, kó dúró jẹ́ẹ́, kó má di ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó ti tó. Ẹni tó bá mú un kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ẹ̀rù Nàìjíríà ló fi kọ́ ọ, kò kọ́ ọ ní ìfẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ tó sì ń wo ẹnì kejì wọn lórí ìkúnlẹ̀ ti kọ́ nǹkan kan nípa ìṣọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ṣé ó ń ṣe ọmọ láǹfààní kankan?

Mo ti gbọ́ ọ ní ọjà Ìsìkàn, mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀: ìlú wo? Iná kò sí, ọ̀nà kò dáa, kí ni ọmọ mi fẹ́ ṣèlérí fún? Ìbínú yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ tún ẹ̀jẹ́ náà kà, kò dárúkọ ààrẹ, kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nàìjíríà ló dárúkọ, ìyẹn èmi, ẹ̀yin àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó ṣèlérí òótọ́ fún wa kò ṣe burúkú. Èmi fẹ́ kí wọ́n máa kà á.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n máa kà á bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ìlérí tí kò yé ẹni tó ṣe é, báwo ló ṣe fẹ́ mú un ṣẹ? Kò sì le láti tún ṣe. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà nílé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ. Bí tíṣà bá mú ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀, kó fi Yorùbá tú u fún wọn, kó bi wọ́n pé báwo ni a ṣe ń ṣe é nínú kíláàsì yìí, gbogbo rẹ̀ á ti yé wọn kí sáà kan tó parí.

Bí èmi àti ọmọ àbúrò mi ṣe ṣe é lálẹ́ Sọ́ńdè yẹn nìyẹn. Mo ní “loyal” ni ẹni tí kì í dalẹ̀. Ó ní, “Bíi pé kí n má lọ sínú tíìmù kejì tí wọ́n bá ń na tiwa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Honest” pẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo ní ẹni tó ń sọ òótọ́ ni, kódà tí kò bá sẹ́ni tó rí i.

Ó dákẹ́. Ó mú bùrọ́ọ̀ṣì, ó tún ra bàtà tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, “Àǹtí, rúlà ẹni tó jókòó tì mí tó kán lọ́jọ́ Fúráìdè, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó rò pé òun ló jókòó lé e.”

Mi ò dá a lóhùn. Ó dìde, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ rúlà tirẹ̀ jáde, ó sì tì í bọnú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kó má baà gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀.